Ìgbéyẹ̀wò ètò Zippy's Friends lẹ́yìn ọdún ẹ̀kọ́ méjì

Ọdún ẹ̀kọ́ méjì gbáko ni mo ti fi lo ètò Zippy's Friends pẹ̀lú àwọn ọmọ ọdún 6 tí mo ń kọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ó wù mí láti kọ ohun tí ojú mi rí nínú rẹ̀ sílẹ̀ fún ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ̀yin ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ àti ẹ̀yin òbí tí ẹ ń wá ohun tí yóò ran ọmọdé lọ́wọ́ láti mọ ohun tí ń ṣẹlẹ̀ nínú ọkàn rẹ̀, láti lè sọ ọ́ jáde, kí ó sì lè bá ẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ní ìrẹ́pọ̀. Ohun èlò fún iṣẹ́ yìí kò wọ́n. Mo ti lo páálí tí wọ́n ya ojú ẹlẹ́rìn-ín àti ojú ẹlẹ́kún sí, mo ti lo àpótí tí ọmọ ń ju ìwé sí nígbà tí nǹkan bá ń dùn ún lọ́kàn, mo sì ti lo àwọ̀ mẹ́rin tí ọmọ fi ń fi bí ara rẹ̀ ṣe rí hàn ní òwúrọ̀. Gbogbo wọn ni ó wúlò dé ìwọ̀n kan, nítorí wọ́n ń jẹ́ kí àgbàlagbà mọ ohun tí ń ṣe ọmọ. Ìbéèrè tí wọ́n sábà máa ń fi sílẹ̀ láìdáhùn ni pé, nígbà tí ọmọ bá ti mọ̀ pé inú ń bí òun, kí ni kí ó wá ṣe? Ibí yìí gan-an ni ètò tí mo ń yẹ̀ wò yìí ti ya ara rẹ̀ sọ́tọ̀, nítorí ọmọ fúnra rẹ̀ ni ó ń fi sí ipò ẹni tí yóò wá ìdáhùn.

Àjọ aláàánú kan ní ilẹ̀ Bìrìtéènì, Partnership for Children, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 2001, ni ó ni ètò náà, àwọn ọmọ tí ọjọ́ orí wọn wà láàárín ọdún 5 sí 7 ni wọ́n sì ṣe é fún. Ẹ̀kọ́ 24 ni ó wà nínú rẹ̀. Wọ́n pín wọn sí apá 6, ẹ̀kọ́ mẹ́rin mẹ́rin nínú apá kọ̀ọ̀kan, ẹ̀kọ́ kan lọ́sẹ̀, fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 45. Ìtàn kan ni ó gbé apá kọ̀ọ̀kan ró, pẹ̀lú àwọn àwòrán aláràbarà tí olùkọ́ ń gbé sókè bí ó ti ń ka ìtàn náà. Zippy tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pe ètò yìí jẹ́ kòkòrò gígùn tín-ín-rín kan, irú èyí tí ó jọ ẹ̀ka igi gbígbẹ tó bẹ́ẹ̀ tí ojú lè fò ó, àwọn ọmọdé inú ìtàn sì ni ọ̀rẹ́ rẹ̀. Àwọn ọmọ inú ìtàn náà ń jà, wọ́n ń jowú, ẹ̀rù ń bà wọ́n, wọ́n sì ń wá ọ̀nà àbáyọ. Mo ti rò pé kòkòrò kò ní wu àwọn ọmọ mi tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n kí ọ̀sẹ̀ kejì tó parí ni wọ́n ti ń béèrè lọ́wọ́ mi bóyá inú máa ń bí Zippy náà.

Apá kìíní sọ̀rọ̀ nípa ìmọ̀lára, ìyẹn ìbànújẹ́ àti ìdùnnú, ìbínú, owú jíjẹ àti ìpayà. Èkejì dá lé ọ̀rọ̀ sísọ, ìtẹ́tísílẹ̀, àti ẹni tí ọmọ lè sá tọ̀ nígbà ìṣòro. Ẹ̀kẹta jẹ́ ti ọ̀rẹ́: bí a ṣe ń yan ọ̀rẹ́, bí a ṣe ń tọ́jú rẹ̀, àti ohun tí a lè ṣe bí ẹgbẹ́ bá pa wá tì. Ẹ̀kẹrin jẹ́ ti ìjà àti ìfòòró ọmọ ẹgbẹ́ ẹni, ẹ̀karùn-ún jẹ́ ti ìyípadà àti àdánù, tí ikú wà nínú rẹ̀, ẹ̀kẹfà sì kó gbogbo ohun tí wọ́n ti kọ́ jọ, ó sì fi ayẹyẹ parí rẹ̀.

Ohun tí ó so gbogbo rẹ̀ pọ̀ ni ìlànà méjì tí wọ́n ń tún sọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Èkíní ni pé ohun tí o bá yàn láti ṣe gbọ́dọ̀ mú kí ara tù ọ́. Èkejì ni pé kò gbọdọ̀ pa ìwọ tàbí ẹlòmíràn lára. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ gbé wọn kalẹ̀, mo bi àwọn ọmọ léèrè ohun tí wọn yóò ṣe bí ẹnìkan bá já ipò gbà mọ́ wọn lọ́wọ́ nínú eré. Ọmọ kan ní kíá pé òun yóò lu onítọ̀hún. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ bá a wí gẹ́gẹ́ bí ìṣe mi, ṣùgbọ́n ìwé olùkọ́ ní kí n jẹ́ kí kíláàsì fi ìlànà méjèèjì wọ̀n ọ́n, nítorí náà mo bi wọ́n pé, ṣé yóò mú kí ara tù ú? Ọmọ náà ronú, ó sì fi òtítọ́ inú dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni, yóò tu òun lára díẹ̀. Ṣé kò ní pa ẹnikẹ́ni lára? Gbogbo wọn pariwo pé yóò pa á lára. Lílù bá kúrò nínú ohun tí a lè yàn, kì í ṣe nítorí pé olùkọ́ kà á léèwọ̀, bí kò ṣe nítorí pé àwọn ọmọ fúnra wọn yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n sì rí i pé kò yege.

Ọmọbìnrin kan wá nawọ́ ní ẹ̀yìn, ó ní òun yóò sunkún. Àwọn ọmọ kan rẹ́rìn-ín. Ọmọ náà dúró ti ọ̀rọ̀ rẹ̀, ó ní, “Ẹ wò ó, Mà, bí mo bá sunkún tán, ara máa ń tù mí, kò sì pa ẹnikẹ́ni lára.” Kíláàsì dákẹ́ jẹ́ẹ́. Mo ronú sí iye ìgbà tí mo ti sọ fún ọmọ pé kí ó gbẹ́nu dákẹ́, kí ó má sunkún mọ́, láti ìgbà tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ yìí, ọ̀rọ̀ náà sì wọ̀ mí lára. A kọ ẹkún sára pátákó pẹ̀lú omi mímu, rírìn kúrò níbẹ̀, sísọ fún onítọ̀hún pé inú ń bí mi, àti lílọ bá àgbàlagbà. Kò sí èyí tí ó ti ẹnu mi jáde nínú gbogbo wọn.

Ìdí nìyí tí mo fi gbà pé ètò yìí dára ju ọ̀pọ̀ tí mo ti lò lọ. Iṣẹ́ tí ó le jù nínú rẹ̀, olùkọ́ ni ó já lé léjìká, iṣẹ́ náà sì ni pé kí olùkọ́ pa ẹnu rẹ̀ mọ́. Ọ̀rọ̀ ìyànjú ti wà lẹ́nu wa tẹ́lẹ̀ kí ọmọ tó sọ tirẹ̀ tán. Ọmọ tí a bá sì ń fún ní ìdáhùn ní gbogbo ìgbà kì í ní ìdáhùn kankan lọ́wọ́ nígbà tí kò bá sí àgbàlagbà nítòsí, ibi tí àgbàlagbà kò sí náà ni ìjà ọmọdé ti máa ń ṣẹlẹ̀ jù.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ọmọkùnrin kan. Bí ó bá ti fìdí rẹmi nínú eré, abẹ́ tábìlì ni ó máa ń wọ̀, láti ibẹ̀ ni yóò sì ti máa sọ pẹ́ńsùlù lu àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Nígbà tí a wọ apá kẹta, ó wá dúró níwájú mi lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó di ẹ̀ṣẹ́ méjèèjì, ètè rẹ̀ ń gbọ̀n, ó sì ní, “Mà, inú ń bí mi. Ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ lọ jókòó lẹ́bàá fèrèsé.” Mo ní kí ó lọ. Ó jókòó síbẹ̀, ó ń fi ìka ọwọ́ fa ìlà sí ara gíláàsì, lẹ́yìn bí ìṣẹ́jú mẹ́rin ó dìde, ó sì padà síbi eré. N kò ní purọ́ fún yín pé ó tán síbẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ tí ó tẹ̀ lé e, ó tún ju pẹ́ńsùlù. Ohun tí ó yí padà ni pé ó ti ní ọ̀nà kejì, bí oṣù sì ti ń gorí oṣù, ọ̀nà kejì yẹn ni ó ń gbà jù.

Ọ̀rọ̀ èdè tún jẹ́ ohun kan tí mo fẹ́ dúró lé lórí, nítorí pé ní èdè Gẹ̀ẹ́sì ni ìwé olùkọ́ tí ó wà lọ́wọ́ mi wà, tí èmi sì ń fi Yorùbá bá àwọn ọmọ sọ̀rọ̀ ní àkókò yìí. Mo kọ́kọ́ ṣe àṣìṣe kan: mo jókòó nílé, mo wá ọ̀rọ̀ Yorùbá kan fún ìmọ̀lára kọ̀ọ̀kan, mo sì kọ wọ́n sára páálí. Nígbà tí mo dé kíláàsì, ìpayà tí mo kọ sí ara páálí kò yé ọmọ kankan dáadáa. Mo bá gbé páálí tì, mo sì béèrè bí ara wọn ṣe máa ń rí bí wọ́n bá fẹ́ dìde kàwé níwájú gbogbo ènìyàn. Ọ̀kan ní àyà òun máa ń já. Ọ̀kan ní ọkàn òun kì í balẹ̀. Òmíràn ní ojú máa ń ti òun, òmíràn ní ẹsẹ̀ òun máa ń gbọ̀n, ọ̀kan tún ní ọ̀nà ọ̀fun òun máa ń gbẹ. Mo ní kí oníkálukú gbé ọwọ́ lé ibi tí ó ti ń mọ̀ ọ́n lára rẹ̀, kò sì sí ẹni tí kò rí ibi kan gbé ọwọ́ lé. Èdè wa ti fi ìmọ̀lára sí inú, sí àyà, sí ojú àti sí ọkàn, ọmọ kò sì nílò kí a túmọ̀ ohunkóhun fún un bí a bá jẹ́ kí ó bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀. Nígbà tí a ń sọ ti ìbínú àti ìdùnnú, ọmọ kan bi mí pé, “Mà, ṣé inú kan náà tí ó ń bí mi ni ó tún máa ń dùn?” Mo ní inú kan náà ni. Ó ní tí ó bá rí bẹ́ẹ̀, a jẹ́ pé yóò tún dùn padà.

Apá karùn-ún ni ó gba ìmúrasílẹ̀ jù. Ètò náà sọ̀rọ̀ ikú láìfi bò, ó sì ní kí àwọn ọmọ ṣe àbẹ̀wò sí itẹ́ òkú pẹ̀lú olùkọ́ wọn. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ òbí yóò ka gbólóhùn yìí lẹ́ẹ̀mejì. Àwa náà bẹ̀rù rẹ̀. Ilé ẹ̀kọ́ wa pe àwọn òbí ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú, a fi ìtàn àti àwòrán hàn wọ́n, a dáhùn ìbéèrè, a sì fún ẹnikẹ́ni tí kò bá fẹ́ ní àyè láti sọ bẹ́ẹ̀. Òbí méjì ni kò fẹ́, a sì bọ̀wọ̀ fún ìpinnu wọn: àwọn ọmọ wọn dúró sí ilé ẹ̀kọ́ pẹ̀lú olùkọ́ mìíràn, wọ́n ya àwòrán ohun tí ó ti yí padà láti ìgbà tí wọ́n ti wà ní kékeré.

Ọmọ kan wà láàárín wọn tí ìyá rẹ̀ àgbà ti kú ní nǹkan bí ọdún kan ṣáájú. Nígbà tí mo ka ìtàn tán, tí àwọn yòókù ń sọ̀rọ̀ nípa ẹran ọ̀sìn wọn tí ó ti kú, ọmọ yìí ní wọ́n sọ fún òun nílé pé Ìyá Àgbà rin ìrìn àjò. Ó wá béèrè pé, “Kí ló dé tí wọn kò pè mí láti ibẹ̀?” Ó wá yé mi pé ọdún kan gbáko ni ọmọ náà ti fi ń rò pé ẹni tí ó fẹ́ràn òun jù ti gbàgbé òun. Mo bá ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀ ní ọjọ́ náà gan-an kí ó tó mú un lọ sílé, nítorí kò tọ́ kí n jẹ́ ẹni tí yóò kọ́kọ́ la ọ̀rọ̀ náà, ìyá rẹ̀ sì ni ó sọ òtítọ́ fún un. Láti ìgbà náà ni mo ti ń lo ọ̀rọ̀ náà bí ó ṣe rí nígbà tí mo bá ń bá ọmọdé sọ̀rọ̀: ó kú, ara rẹ̀ kò ṣiṣẹ́ mọ́, kò sì ní padà wá. Àgbà a máa sọ pé ẹnìkan sùn, tàbí pé ó lọ, ó sì yé àgbà. Ọmọ ọdún 6 gba ọ̀rọ̀ bí ó ti gbọ́ ọ. Ọmọ tí wọ́n bá sọ fún pé òkú sùn lè máa bẹ̀rù oorun alẹ́.

Nípa ẹ̀rí pé ètò náà ń ṣiṣẹ́, àwọn olùwádìí méjì, Brian Mishara láti Kánádà àti Mette Ystgaard láti Nọ́wè, tẹ ìwádìí kan jáde ní ọdún 2006, nínú èyí tí wọ́n ti fi àwọn ọmọ tí wọ́n kọ́ ètò náà ní Dẹ́nmárkì àti Lituéníà wé àwọn tí wọn kò kọ́ ọ. Wọ́n rí i pé àwọn tí wọ́n kọ́ ọ ń lo ọ̀nà tí ó dára láti kojú ìṣòro ju àwọn yòókù lọ, àjọṣe wọn pẹ̀lú ẹgbẹ́ sì dára sí i. Olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi kan kò fẹ́ gbọ́ gbogbo ìyẹn. Ohun tí ó ń dùn ún ni ìṣẹ́jú 45 tí a ń yọ kúrò lára ìṣirò lọ́sẹ̀, mo sì mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ ni yóò béèrè ohun kan náà. Ìdáhùn mi ni iṣẹ́ tí Joseph Durlak, olùwádìí kan ní Amẹ́ríkà, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde ní ọdún 2011. Wọ́n kó àbájáde ètò 213 tí ó jọ èyí jọ, àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ tí ọ̀rọ̀ náà kàn sì lé ní 270,000. Bí a bá to ọgọ́rùn-ún ọmọ láti ẹni tí ó wà lẹ́yìn jù dé ẹni tí ó wà níwájú jù nínú ẹ̀kọ́, ọmọ tí ó wà ní àárín gbùngbùn tí ó bá kọ́ irú ètò bẹ́ẹ̀ yóò gòkè ní nǹkan bí ipò 11 nínú iṣẹ́ ẹ̀kọ́ rẹ̀. Èmi fúnra mi rí i pé wákàtí tí mo ń lò tẹ́lẹ̀ láti parí ìjà lẹ́yìn ìsinmi ọ̀sán ti dín kù gan-an, ìṣirò ni mo sì fi àkókò náà kọ́.

Àléébù kò ṣàì sí. Ètò náà kò gba kí a fò lára rẹ̀, ẹ̀kọ́ 24 sì pọ̀ fún ilé ẹ̀kọ́ tí ìdánwò àti ayẹyẹ ń já gba àkókò rẹ̀. Ní ọdún kìíní mo fo ẹ̀kọ́ ìtẹ́tísílẹ̀ nínú apá kejì, mo rò pé àwọn ọmọ mi ti mọ̀ ọ́n, mo sì sáré lọ sí apá tí ó sọ̀rọ̀ ọ̀rẹ́. Nígbà tí a dé orí ìjà, wọn kò lè gbọ́ ara wọn. Ẹnìkan kò tíì sọ tán tí èkejì ti ń já lu ọ̀rọ̀ rẹ̀, mo sì ní láti padà sẹ́yìn. Ẹ̀bi mi ni, n kò ní dá ètò náà lẹ́bi, ṣùgbọ́n ó yẹ kí ẹni tí yóò bẹ̀rẹ̀ mọ̀ pé apá kan ń gun orí èkejì ni.

Bí ọmọ bá pọ̀ jù nínú kíláàsì, ìjíròrò kò ní rọrùn. Mo pín tèmi sí agbo méjì, síbẹ̀ àwọn ọmọ mẹ́ta wà tí mo lè ka iye ìgbà tí wọ́n sọ̀rọ̀ ní odidi ọdún. Àwòrán ni mo fi ń gbọ́ tiwọn. Kò sì tó láti ra ohun èlò kí a ṣí i kí a bẹ̀rẹ̀. Olùkọ́ gbọ́dọ̀ gba ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kí ó tó kọ́ ọ, ní pàtàkì nítorí apá karùn-ún, bẹ́ẹ̀ ni n kò rò pé ó yẹ kí a fi apá náà lé olùkọ́ tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ ní àìpẹ́ lọ́wọ́.

Ohun tí ó dùn mí jù kò sí nínú ètò náà rárá. Ní ilé ẹ̀kọ́ kan tí mo ti lò ó, èmi nìkan ni mo gba ìdánilẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀. Ọmọ mi kan lọ bá àgbàlagbà tí ń ṣọ́ wọn nínú pápá, ó sọ ohun tí mo kọ́ ọ pé kí ó sọ, pé inú ń bí òun, òun sì fẹ́ kúrò níbẹ̀ díẹ̀. Wọ́n ní kí ó panu mọ́, kí ó padà sáàárín ẹgbẹ́ rẹ̀. Ọmọ náà kò tún gbìyànjú rẹ̀ mọ́ fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan. Bí ilé ẹ̀kọ́ bá fẹ́ gba ètò yìí, ẹni tí ń ṣọ́ pápá, ẹni tí ń ṣí géètì àti akọ̀wé gbọ́dọ̀ mọ ìlànà méjèèjì, kí wọ́n sì mọ bí a ṣe ń dá ọmọ tí ó bá wá sọ ìmọ̀lára rẹ̀ lóhùn.

Gbogbo ọmọ ni wọ́n ṣe é fún, kì í ṣe ìwòsàn. Ọmọ tí kò jẹun mọ́, tí kò sùn, tí ìbẹ̀rù rẹ̀ kò dín, tàbí tí ó ń pa ara rẹ̀ lára nílò onímọ̀ nípa ìlera ọkàn ọmọdé. Bí àwọn ọmọ bá sì ti mọ̀ pé olùkọ́ ń gbọ́, wọn yóò sọ ohun tí ó wúwo. Ẹ má ṣe ṣèlérí fún ọmọ kankan pé ẹ kò ní sọ fún ẹnikẹ́ni. Ẹ jẹ́ kí ó yé e pé bí ẹnìkan bá ń ṣe é ní ibi, ẹ ó sọ fún ẹni tí ó lè dáàbò bò ó, kí ẹ sì mọ ẹni náà ní ilé ẹ̀kọ́ yín kí ẹ tó kọ́ ẹ̀kọ́ kìíní.

Mo dábàá ètò yìí fún ilé ẹ̀kọ́ tí ó bá lè ya ọ̀sẹ̀ 24 sọ́tọ̀ tí yóò sì pa á mọ́, tí ó ní olùkọ́ tí ó gbà láti gba ìdánilẹ́kọ̀ọ́, tí ó sì lè bá àwọn òbí sọ̀rọ̀ láìfi nǹkan pamọ́. Ilé ẹ̀kọ́ tí ń wá ohun tí yóò mú kí ọmọ dákẹ́ kíákíá kò ní gbádùn rẹ̀, nítorí pé kíláàsì mi ń sọ̀rọ̀ nísinsìnyí ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ní ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀ ni àwọn ọmọ tuntun yóò bẹ̀rẹ̀ apá kìíní. Mo ti kọ ìlànà méjèèjì sára páálí tuntun, nítorí pé ti àtijọ́ ti ya níbi tí ọwọ́ àwọn ọmọ ti máa ń kàn án, mo sì gbé e kọ́ sí ìsàlẹ̀ ògiri, níbi tí ojú ọmọ ọdún 6 yóò ti máa tó o.